Ọjọ́ Tí Àṣírù Sọ Pé Òun Ti Yó

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀: Àṣírù fẹ́ràn oúnjẹ. Mi ò sọ pé wọ̀bìà ni o! Ọ̀tọ̀ ni wọ̀bìà, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó bá dé ìlú kan, tí ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ títí yóò fi mọ ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ, bí wọ́n ṣe ń sè é, àti ẹni tó kọ́ wọn. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni Àṣírù.

Ọmọ Pọ̀bẹ̀ ni, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lódì kejì ẹnubodè. Iṣẹ́ táìsì ló ń ṣe: táìsì ilẹ̀, táìsì ara ògiri, táìsì ilé ìwẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń kọ́lé láti Lẹ́kkí Phase 1 títí dé Ajah, wọn á sọ fún yín pé bí ẹ bá fẹ́ kí táìsì yín jókòó dáadáa, ẹ wá ọmọ Kùtọ̀nù. Gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀hún wá, ọmọ Kùtọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Àṣírù sọ ọ́ títí pé Pọ̀bẹ̀ kì í ṣe Kùtọ̀nù, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ẹ́, ó gbà fún wọn. Yorùbá ni èdè abínibí rẹ̀, àmọ́ Yorùbá tiwọn lọ́hùn-ún, Faransé sì máa ń yọ́ wọnú rẹ̀ bí inú rẹ̀ bá ti dùn. Ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí nínú yàrá kan lẹ́yìn ọjà Ajah.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ohun tó yà á lẹ́nu ni pé èèyàn lè gbọ́ èdè ìlú kan kó má sì mọ ìlú náà rárá. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, àjòjì ni. Ó bá pinnu pé ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí iṣẹ́ ò bá sí, òun á lọ síbi tí òun ò dé rí, òun á jẹ ohun tí òun ò jẹ rí. Bó bá jẹ ẹ́ tán, á gbé fóònù, á fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Pọ̀bẹ̀ lórí Wásáàpù, á ṣàlàyé oúnjẹ náà látorí iyọ̀ dórí epo. Èsì kan náà ni ìyá rẹ̀ máa ń fún un: "Ṣé o rí ẹran níbẹ̀?"

Lateef, ọmọ Ìsẹ́yìn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló kọ́kọ́ mú un jáde. Ó fọwọ́ sọ̀yà pé oúnjẹ Èkó gidi lòun máa fún un lọ́jọ́ náà. Ó mú un dé Ikate, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ẹ̀wà agọ̀nyìn. Ẹ̀wà rọ̀, ata rẹ̀ dúdú, epo ń dán lórí rẹ̀. Àṣírù tọ́ ọ wò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fi èdè Ègùn tó ti ń gbọ́ láti kékeré kí obìnrin náà, obìnrin náà fò dìde, ó ju ṣíbí sílẹ̀, ó ń béèrè ilé tí wọ́n bí i sí. Àṣé ìlú tó wà nítòsí Pọ̀bẹ̀ ni obìnrin náà ti wá!

"Lateef, o wá mú mi rin gbogbo ìrìn yìí wá jẹ oúnjẹ ilé wa!"

"Irọ́ ni o! Oúnjẹ Èkó ni. Ibí yìí ni mo ti ń jẹ ẹ́ látọjọ́ tí mo ti dé."

"Ìwọ náà, ṣé ọmọ Èkó ni ẹ́?"

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí abọ́ fi gbẹ. Wọn ò tíì parí ẹ̀ dòní.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó jẹ ẹ̀gbo nílé àwọn ọmọ onílẹ̀ Ikate, àgbàdo funfun tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná lójú títì Ajah, ó jó o lẹ́nu, ó tún ra òmíràn. Nígbà tó ń lẹ táìsì sí ilé ìjẹun olówó kan ní Phase 1, kúùkù ibẹ̀ ṣàánú rẹ̀, ó gbé àwo funfun ràgàjì kan fún un. Ẹja bí àtàǹpàkò ló wà láàárín rẹ̀, ewé kan wà lórí ẹja. Àṣírù gbé àwo náà sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ibẹ̀ ni ìyókù wà. "Màámi," ó sọ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, "wọn ò sè é o, yíyà ni wọ́n yà á." Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Ọdún tó kọjá ni iṣẹ́ gbé òun àti Lateef dé Eleko, sí òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan tó kọjú sí òkun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi lẹ táìsì ilé ìwẹ̀ ibẹ̀. Rùkáyàt ló ń tọ́jú àwọn yàrá, ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ń rí gbogbo nǹkan. Ó rí i tí Àṣírù ń dúró ti àwọn apẹja láràárọ̀, tó ń bi wọ́n lórúkọ ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan bí akọ̀wé ìjọba. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé oúnjẹ wá fún un láti ilé. Ìkọ́kọrẹ́ ni: ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n bù sínú ata pẹ̀lú ẹja àti edé. Ti àná ni, ó ti tutù, ó ti dì. Ẹ̀bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ń ru èéfín.

"Gbígbóná pẹ̀lú tútù?" ni Àṣírù béèrè.

"Ẹ ṣáà jẹ ẹ́ ná," ni Rùkáyàt wí.

Ó jẹ ẹ́. Ó dijú pa. Lateef rò pé egungun ẹja ló há a lọ́fun. Àfi bó ṣe fi Faransé pariwo pé ó dùn, "Sé bọ̀ọ̀n!" tí ó tún fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra lórí oúnjẹ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ ò béèrè ẹran. Ohun tó béèrè ni, "Ta ló sè é?"

Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Iṣẹ́ parí, Àṣírù ò parí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Eleko ló ń lọ, ó ní òkun ló ń wò. Òkun wo? Ṣé kò sí òkun nítòsí ni? Kí ọdún tó yí po, òun àti Rùkáyàt ti fẹnu kò pé àwọn máa fẹ́ra, ó wá ku kó wá fojú han àwọn ará ilé.

Ìyá àgbà rẹ̀ ló tọ́ Rùkáyàt dàgbà, Ìyá Bùsàrí, tó ti ń yan ẹja ní Eleko kí òtẹ́ẹ̀lì kankan tó débẹ̀. Bùsàrí tó jẹ́ bàbá Rùkáyàt, ojú omi ló máa ń wà, ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá rẹ̀ sì ni abẹ gé. Bí ìyá àgbà bá ní ó ti gbà, ó parí. Bó bá ní kò gbà, ó parí náà nìyẹn.

Ìyá yìí ní ohun kan lọ́kàn. Ó bí ọmọbìnrin kan, Sìlífátù, àbúrò Bùsàrí. Ọkùnrin kan láti Phase 1 wá fẹ́ ẹ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Lọ́jọ́ tó wá, ó ta oúnjẹ wọn nù, ó ní òun ti yó, ó ń fi áńkáṣíìfù bo imú nítorí òórùn ẹja. Wọ́n dákẹ́, wọ́n fún un ní ọmọ. Látìgbà náà, Sìlífátù ò wálé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, kò sì sùn mọ́jú nínú méjèèjì. Ọ̀nà tó wà láàárín Phase 1 àti Eleko, ṣé ọ̀nà Mẹ́kà ni? Ó dun ìyá náà wọra. Ó wá sọ fún Rùkáyàt pé, "Èmi ò ní bi í nípa owó, mi ò ní bi í nípa ilé. Kó wá jẹun níwájú mi. Bó bá ṣe jẹun ni n ó ṣe mọ̀ bóyá yóò máa mú ọ wálé. O ò sì gbọdọ̀ sọ fún un, kó má baà lọ múra ojú ayé sílẹ̀."

Ọkàn Rùkáyàt balẹ̀. Ìdánwò oúnjẹ, fún Àṣírù? Ẹ̀rín ló ń rín. Ohun kan péré ló fi ránṣẹ́ sí i: "Ẹ má jẹun wá o. Ẹ fi inú òfo wá."

Áà, ó yẹ kó dákẹ́ ni. Nítorí Àṣírù gbọ́rọ̀ yìí, ó sá lọ bá ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ìyá rẹ̀ sì figbe ta.

"Àdánwò ni! Ṣé o ò mọ̀ ni? Wọ́n fẹ́ wò ó bóyá wọ́n kọ́ ọ nílé. Bàbá rẹ ò fi ẹnu kan oúnjẹ nílé wa títí wọ́n fi gbé mi fún un. Ọmọ tó ń wá ìyàwó kì í jẹun nílé àna! Ojú a máa tì í ni. Bí o bá jẹun níbẹ̀, wọ́n á ní ebi ló lé ọ wá. Omi nìkan, o gbọ́? Omi nìkan!"

Àṣírù gbọ́. Ọmọ tó ń gbọ́ràn sí ìyá lẹ́nu ni, ìyẹn ló kó bá a.

Ọjọ́ Àìkú pé. Ó wọ káfútáànì funfun, ó wọkọ̀ láti Ajah dé oríta Eleko, ó bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó dé ilé wọn ní nǹkan bí agogo méjìlá. Kò tíì jẹ nǹkankan láti àná. Láti ẹnu géètì ni òórùn ìkọ́kọrẹ́ ti pàdé rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti dọ̀bálẹ̀.

Ìyá Bùsàrí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rin ewùrà látàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá ń ro ó. Ẹja òbòkun méjì tó tóbi jù nínú ohun tí Bùsàrí kó bọ̀ ló ṣà sínú rẹ̀. Ó gbé abọ́ síwájú Àṣírù, ó jókòó sórí àpótí lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé itan.

"Ọmọ mi, ó yá, jẹun."

Ikùn Àṣírù kígbe. Mi ò parọ́ mọ́ ọn o, Bùsàrí tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ, ó gbójú sókè. Àṣírù wo ẹja, ó wo ìyá, ó rántí ìyá tirẹ̀. Ó tẹrí ba.

"Ẹ ṣé, ìyá. Mo ti yó."

Rùkáyàt tó ń bu omi ló da omi sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"O ti yó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Omi nìkan ni màá mu."

"Tọ́ ọ wò lásán."

"Ẹ má bínú, ìyá. Mo yó dáadáa."

Àánú rẹ̀ ṣe mí bí mo ti ń sọ ọ́ yìí. Itọ́ ló ń gbé mì. Ó rò pé òun ń gba máàkì, ó rò pé ìyá náà ń wo òun pé ọkọ ìyàwó tó ní ẹ̀kọ́ nìyí. Ìyá Bùsàrí dìde, ó gbé abọ́ rẹ̀, kò yára. Ó gbé e padà síbi ààrò. Nígbà tó jáde, ó ní kí Rùkáyàt sin àlejò rẹ̀ dé ọ̀nà, oòrùn ń mú.

Wọ́n rìn dé ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ máa ń dúró sí. Àṣírù ló ń yọ̀. "Ṣé mo ṣe é dáadáa?" ló bi í.

Ni omi bá bọ́ lójú Rùkáyàt. "Kí lẹ ṣe dáadáa? Ẹ ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jẹ gbogbo nǹkan! Kí ni ìyá mi ṣe fún yín?" Ó wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Sìlífátù, ọ̀rọ̀ áńkáṣíìfù, ọ̀rọ̀ apá tó fi rin ewùrà. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó yíjú padà, ó ń lọ sílé.

Àṣírù dúró sójú kan, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń bi í bóyá ó ń lọ tàbí kò lọ. Ó gbé fóònù, ó pe Pọ̀bẹ̀, ó sì rò fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pariwo, "Yéè! Èmi ni mo ba nǹkan ọmọ mi jẹ́! Ìlú wa ni mo mọ̀, mi ò mọ ìlú wọn! Kí lo ṣì ń dúró ṣe níbẹ̀? Padà! Padà lọ jẹun! Jẹ ẹ́ tán, kí o tún béèrè sí i!"

Ó sáré. Ọkùnrin pẹ̀lú káfútáànì funfun, tó ń sáré nínú iyẹ̀pẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tí bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀rọ omi. Àwọn tó wá gbafẹ́ létí òkun ń wò ó. Ó kọjá Rùkáyàt lọ́nà láìdúró. Ó já wọ àgbàlá, ó bá Ìyá Bùsàrí nídìí ààrò, ó ti ń bu ìkọ́kọrẹ́ náà sínú abọ́ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn aládùúgbò. Àṣírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú.

"Ìyá, ẹ má bù ú fún ẹnikẹ́ni! Ebi ń pa mí!"

Ìyá wò ó. "O ò ha ní o ti yó?"

"Irọ́ ni mo pa, ìyá. Láti àná ni mi ò ti jẹun. Nílé wa, ojú a máa ti ọkọ ìyàwó láti jẹun lójú àna. Ìyá mi ló kìlọ̀ fún mi. Mo rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún yín ni. Ẹ jọ̀ọ́. Òórùn rẹ̀ ló ń pa mí láti ẹnu géètì."

Bùsàrí ti gbé àwọ̀n sílẹ̀. Ẹnu ìyá àgbà kọ́kọ́ le, ó wá ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, Àṣírù rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ó ti tutù o," ó ní.

"Ìyá, tútù ni mo fẹ́. Ẹ̀bà rẹ̀ ni kó gbóná."

Ìyá náà yíjú sí Rùkáyàt tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, tó gbé bàtà tó já dání. "Ta ló kọ́ ọ nìyẹn? Ìwọ ni? Gbé omi kaná."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Àṣírù jẹun. Kò jókòó sórí àga, ilẹ̀ ló jókòó sí, nítòsí ààrò. Abọ́ kìíní lọ, abọ́ kejì tẹ̀ lé e. Ó tú orí òbòkun palẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bí sétí òkun, ó fa ọ̀rá inú rẹ̀ mu, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, kò ráyè nù ún. Nígbà tó dé àárín abọ́ kejì, ó dúró, ó fi ìka tọ́ka sí i.

"Ìyá, báwo lẹ ṣe ṣe é tó fi dúró ní kókó-kókó báyìí? Mo gbìyànjú ẹ̀ ní yàrá mi, ó di amọ̀."

"O fi orógùn rò ó ni?"

"Mo rò ó dáadáa."

"Ìyẹn ló bà á jẹ́! Bí o bá ti bù ú sínú ata, fi í sílẹ̀. Má fọwọ́ kàn án. Kó dì kí o tó yí i. Àwọn tó máa ń ro ọkà kì í lè mú sùúrù fún un, ọwọ́ wọn á máa yún wọn."

"Ta ló kọ́ yín?"

Ó pẹ́ tí ẹnìkan ti bi ìyá léèrè bẹ́ẹ̀. Sìlífátù ò bi í rí, ọkọ rẹ̀ ò tiẹ̀ jókòó. Ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa ìyá ọkọ rẹ̀, obìnrin tó le, tó jẹ́ pé bí ewùrà bá bàjẹ́ díẹ̀ báyìí, á da gbogbo rẹ̀ nù, á ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣírù ń jẹ, ó ń gbọ́, ó ń béèrè. Ó ní bí òun bá fẹ́ Rùkáyàt, gbogbo ọjọ́ Àìkú làwọn máa wá, kí ìyá tó ṣí ìkòkò ni òun á ti dé. Ìyá fi etí ìró nu ojú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí abọ́ kẹta gbẹ, ìyá na ọwọ́.

"Níbo ni ìyá rẹ tó kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ yẹn wà? Pè é fún mi."

Ẹ̀rù ba Àṣírù, ṣùgbọ́n ó pè é. Ìyá rẹ̀ gbé e kí ó tó dún ẹ̀ẹ̀kan, ó hàn pé orí fóònù ló jókòó lé. "Ṣé o ti jẹ ẹ́?" ló kọ́kọ́ sọ, gbogbo àgbàlá sì gbọ́.

"Ó jẹ ẹ́, ìyá," ni Ìyá Bùsàrí dáhùn. "Ó jẹ tirẹ̀, ó jẹ tàwọn aládùúgbò mọ́ ọn. Ẹ kú ọmọ o."

Wọ́n kí ara wọn pẹ́, èyí ń tọrọ àforíjì, èyí ní kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà, Ìyá Bùsàrí gbé fóònù sún mọ́ ẹnu dáadáa, ó wo Rùkáyàt, ó wo Àṣírù tí ẹ̀bà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Àṣírù, à ń mú ìyàwó bọ̀ wá bá yín ní Pọ̀bẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ máa sè fún mi. Ẹ má bẹ̀rù láti sè é púpọ̀ o, èmi ò ní sọ fún yín pé mo ti yó."